Bí a ṣe ń mú ìkànnì fúyẹ́ fún ẹni tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀ ń fà

Obìnrin kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ránṣẹ́ pè mí lọ́dún tó kọjá pé kí n wá wo ìkànnì tí wọ́n ṣe fún òun. Owó gidi ló san sí i. Lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ṣe é, ìkànnì náà ń dán gbinrin: fídíò ń lọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀, àwòrán ń rọ́pò ara wọn, aṣọ ń yọ wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Àmọ́ àwọn oníbàárà ń pè é pé àwọn ò rí nǹkan kan. Mo jókòó tì í nínú ṣọ́ọ̀bù, mo fi fóònù tirẹ̀ ṣí i. Ojú fóònù funfun báláú. Àmì róbótó kékeré kan ń pòòyì. Oníbàárà kan wọlé, ó ná aṣọ, wọ́n fa ọ̀rọ̀ owó títí wọ́n fi gbà, ìyá náà wá ṣéńjì fún un, àmì yẹn ṣì ń pòòyì. Nígbà tí àwòrán àkọ́kọ́ máa fi jáde, nǹkan bíi MB mẹ́sàn-án ti lọ nínú dátà tó fi owó ara rẹ̀ rà, láti wo ọjà ara rẹ̀.

Ẹni tó ṣe ìkànnì yẹn mọṣẹ́. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé kò fi fóònù oníbàárà wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rí. Ọ́fíìsì tí íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ń sáré ló jókòó sí, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Ìwúwo ojú-ìwé kì í dun ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tó ń ṣí i ló ń sanwó rẹ̀, ó ń fi náírà san án, ó sì ń fi àkókò san án. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìkànnì, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò. Nínú ìwọ̀n tí HTTP Archive, àwọn tó máa ń wọn ìkànnì káàkiri ayé, ṣe lọ́dún 2024, ìdajì àwọn ojú-ìwé tí wọ́n wọ̀n lórí fóònù ló wúwo ju nǹkan bíi 2.3 MB lọ. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì 3G tí kò lágbára lè máà gbé ju 400 kilobit lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bit mẹ́jọ ló wà nínú byte kan, nítorí náà 2.3 MB á gba bíi ìṣẹ́jú-àáyá 46, ìyẹn bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò bá já rárá. Ní ti owó, 1 GB ò ní lè ṣí irú ojú-ìwé bẹ́ẹ̀ tó ìgbà 450 kó tó tán. Ẹ sì rántí pé ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù lè fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tí wọ́n ń gbà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fi ojú oníbàárà wò ó

Ẹ má tíì fọwọ́ kan kóòdù kankan. Ẹ ṣí ìkànnì yín nínú Chrome lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ F12, ẹ wọ abala Network. Ẹ fi àmì sí Disable cache, kí browser (ohun tí a fi ń ṣí ìkànnì, bíi Chrome yìí) má baà lo èyí tó ti kó pamọ́ tẹ́lẹ̀. Níbi tí wọ́n kọ No throttling sí, ẹ yan 3G. Ẹ wá ṣí ojú-ìwé náà lákọ̀tun, kí ẹ ká ọwọ́ gbera. Ẹ má bọ́ sórí iṣẹ́ mìíràn. Ẹ jókòó síwájú rẹ̀ títí á fi jáde tán, bí oníbàárà yín ṣe máa jókòó.

Ní ìsàlẹ̀ abala yẹn, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́ta tó ṣe pàtàkì: iye ohun tí browser béèrè, iye dátà tó gba orí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kọjá (òun ni wọ́n pè ní transferred), àti àkókò tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, ẹ ṣì máa padà sídìí wọn. Ẹ tún tẹ orí òpó Size kí èyí tó wúwo jù lè bọ́ sókè. Ní ìkànnì aláàdìrẹ yẹn, àwòrán ló kó ipò méje àkọ́kọ́, fídíò tẹ̀ lé wọn, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lójú-ìwé náà ò sì tó 20 KB.

Kọ̀ǹpútà nìkan ò tó. Ẹ yá fóònù Android kékeré kan, irú èyí tó ní RAM 2 GB, ẹ lọ síbi ètò SIM kí ẹ ní kó máa lo 3G nìkan, kí ẹ sì jáde síta. Lọ́dún 2015, Facebook bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n pè ní 2G Tuesdays: lọ́jọ́ Túsìdeè, wọ́n á bi àwọn òṣìṣẹ́ wọn bóyá wọ́n á fẹ́ fi wákàtí kan lo íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fà bíi 2G. Bí ilé-iṣẹ́ tó tóbi tó yẹn bá rí i pé ó yẹ kí òṣìṣẹ́ fara gbá a, ó yẹ àwa náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ̀ pé ìyára ọ̀tọ̀, ìrìn-àjò ọ̀tọ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìwúwo nìkan ni ìṣòro. Ẹ wo ọmọ tí ẹ rán lọ sọ́jà. Bí ẹ bá ka gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ fún un lẹ́ẹ̀kan, ìrìn kan ló máa rìn. Àmọ́ bó bá lọ ra iyọ̀, tó padà wálé wá béèrè pé kí ló kù, tó lọ ra ata, tó tún padà wá béèrè, ilẹ̀ á ṣú kí ọbẹ̀ tó jinná, bí ẹsẹ̀ ọmọ náà ti wù kó yá tó.

Bí fóònù ṣe ń ṣe nìyẹn. Kó tó gba lẹ́tà kan ṣoṣo, ó ní láti béèrè ibi tí server (kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé) wà, kí ó kí i, kí wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan lórí kọ́kọ́rọ́ ààbò, kó tó wá béèrè ojú-ìwé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìrìn mẹ́rin nìyẹn. Lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí àlọ àti àbọ̀ kan ń gba ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, ìṣẹ́jú-àáyá méjì ti lọ láìtíì rí nǹkan kan. Bí ojú-ìwé yín bá wá ní kó lọ gba lẹ́tà (ìyẹn font, bí ọ̀rọ̀ ṣe máa rí lójú) níbòmíràn, àwòrán níbòmíràn, kóòdù ìtajà níbòmíràn, ní gbogbo ẹnu ọ̀nà wọ̀nyẹn ló ti máa kí ẹni tuntun.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí ò kọbi ara sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, server kì í kó gbogbo ẹrù lé ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan. Pákẹ́ẹ̀tì bíi mẹ́wàá ló sábà máa ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ìyẹn nǹkan bíi 14 KB, kó tó dúró gbọ́ bóyá ó dé. Nítorí náà, ohun tí oníbàárà wá wò, ìyẹn orúkọ, ọjà, iye owó àti nọ́ńbà tí wọ́n lè pè, ẹ jẹ́ kó wà nínú 14 KB àkọ́kọ́ yẹn, nínú HTML, ìyẹn fáìlì ojú-ìwé fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àwòrán

Ibí lẹ ti máa rí èrè tó yá jù. Àwòrán tí fóònù òde òní bá yà máa ń fẹ̀ tó pixel 4000, ó sì lè wúwo tó MB mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ojú ọ̀pọ̀ fóònù kékeré tí wọ́n ti máa wò ó ò gbà ju bíi pixel 720 lọ. Ìyókù, dátà tí a dà sílẹ̀ ni.

Ẹ ṣí Squoosh, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú browser. Ẹ ju àwòrán sínú rẹ̀, ẹ lọ sí Resize kí ẹ sọ fífẹ̀ rẹ̀ di 800, ẹ yan WebP (irú fáìlì àwòrán tó fúyẹ́), ẹ fi Quality sí 75. Ẹ fa ìlà àárín náà lọ sọ́tùn-ún àti sósì kí ẹ fi ti àtijọ́ wé tuntun. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwòrán MB mẹ́ta á di ohun tí ò tó 100 KB, ojú ò sì ní mọ ìyàtọ̀.

Àmọ́ ẹ má fi ẹnu ọbẹ kan gé gbogbo àwòrán. Mo kọ́ ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ìyá aláàdìrẹ yẹn. Mo ti dín gbogbo àwòrán rẹ̀ kù, inú mi ń dùn, ó wá gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó ní, "Ẹ̀yin bọ̀dá yìí, ẹni tó fẹ́ ra ẹlẹ́kọ á fẹ́ rí ojú ìyẹ́ tí a fi kọ ọ́. Èyí ti fọ́jú." Òótọ́ ló sọ. Àwòrán oníko, tí a fi ìko so kó tó wọ aró, gba kí a dín in kù dáadáa, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ ń yọ́ wọnú ara wọn ni. Ẹlẹ́kọ tí a fi ìyẹ́ àti ẹ̀kọ kọ ní ìlà tín-ín-rín, bí Quality bá sì ti lọ sílẹ̀ jù, ìlà yẹn á dàrú. Ohun tí a wá ṣe ni pé a fi àwòrán kékeré sójú-ìwé àkọ́kọ́, a sì fi èyí tó fẹ̀, tó sì mọ́ kedere, sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ aṣọ kan ló máa gba èyí tó wúwo, a sì kọ ìwúwo rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́.

Kóòdù rẹ̀ rí báyìí:

<img src="eleko-480.webp" srcset="eleko-480.webp 480w, eleko-960.webp 960w" sizes="100vw" width="480" height="360" alt="Àdìrẹ ẹlẹ́kọ aláró, ọ̀pá márùn-ún" loading="lazy">

srcset ló ń jẹ́ kí fóònù yan èyí tó bá ojú rẹ̀ mu. width àti height ń jẹ́ kí browser fi àyè sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà máa fò sókè sódò nígbà tí àwòrán bá dé. loading="lazy" ń sọ pé kí wọ́n má tíì kó àwòrán náà wá àfi tí òǹkàwé bá ń súnmọ́ ọn. Ẹ má fi sára àwòrán àkọ́kọ́ lókè o, ṣe ló máa dá a dúró. Ọ̀rọ̀ inú alt ni oníbàárà máa kà bí àwòrán ò bá dé rárá, nítorí náà ẹ kọ ohun tó wúlò síbẹ̀.

Fídíò tó ń lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ẹ yọ ọ́. Àwòrán márùn-ún tó ń rọ́pò ara wọn lókè, ẹ mú ẹyọ kan tó dára jù, kí ẹ yọ mẹ́rin.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: lẹ́tà, pàápàá fún àwa tó ń kọ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bó ṣe kan ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Google Fonts máa ń pín font kọ̀ọ̀kan sí fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ó lè fúyẹ́. Ó ní latin, ó ní latin-ext, ó ní vietnamese. Ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ò nílò ju latin lọ. Tiwa ńkọ́? á àti è wà nínú latin. ṣ, ǹ àti àmì náírà wà nínú latin-ext. ẹ, ọ àti àmì ohùn tí a máa ń gbé lé wọn lórí wà nínú vietnamese. Gbólóhùn kúkúrú bíi "Ẹ káàbọ̀, iṣẹ́ ń lọ" nìkan ti pe fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Bí ẹ bá lo lẹ́tà lásán, èyí tó nípọn àti èyí tó dagun, fáìlì mẹ́sàn-án nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó ka ọ̀rọ̀ kan.

Àwọn lẹ́tà mìíràn ò tiẹ̀ ní abala vietnamese. Nígbà náà, browser á lọ yá ẹ àti ọ lára lẹ́tà mìíràn, ọ̀rọ̀ á wá rí bí aṣọ tí wọ́n fi òwú àwọ̀ mìíràn lẹ̀. Mo ti rí i lórí ìkànnì tí wọ́n ṣe nítorí èdè Yorùbá gan-an, ó sì dùn mí.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń lo lẹ́tà tó ti wà lórí fóònù tẹ́lẹ̀:

font-family: system-ui, sans-serif;

KB òdo nìyẹn. Roboto tó wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android ní ẹ, ọ àti ṣ. Bí oníṣòwò bá ranrí pé lẹ́tà ilé-iṣẹ́ òun lòun fẹ́, ẹ fi pyftsubset, irinṣẹ́ tó wà nínú fonttools, gé e di fáìlì kan ṣoṣo tó gba gbogbo Yorùbá:

pyftsubset leta.ttf --flavor=woff2 --unicodes="U+0000-00FF,U+0143-0144,U+01F8-01F9,U+0300-0301,U+0323,U+1E3E-1E3F,U+1E62-1E63,U+1EB8-1EB9,U+1ECC-1ECD,U+2013-2014,U+2018-201D,U+20A6"

U+0300 àti U+0301 yẹn ni àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè tó ń dá dúró. Bí ẹ bá gbàgbé wọn, ẹ́ àti ọ̀ á bàjẹ́, torí pé kò sí lẹ́tà ẹyọ kan fún wọn nínú Unicode. Ẹ fi font-display: swap kún un nínú CSS kí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ fara hàn kí lẹ́tà náà tó dé. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ "ọ̀ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀" àti "ẹ́ńjìnnì" sójú-ìwé, ẹ wò ó lórí fóònù bóyá àmì jókòó síbi tó yẹ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: JavaScript àti àwọn àlejò

200 KB àwòrán àti 200 KB JavaScript (kóòdù tó ń mú ojú-ìwé ṣiṣẹ́) kì í ṣe ẹgbẹ́. Bí àwòrán bá dé, fóònù á gbé e sójú, ó parí. Bí JavaScript bá dé, fóònù ní láti kà á, kó yé e, kó tó ṣe é, àwọn fóònù kékeré sì máa ń dákú sídìí iṣẹ́ yẹn: ẹ tẹ bọ́tìnì, kò dáhùn, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ó wá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú DevTools, ìyẹn ibi tí F12 ṣí fún yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ wá Coverage. Ó máa fi àwọ̀ pupa hàn yín ìdá kóòdù tí ojú-ìwé náà gbé wá tí kò lò. Ó máa yà yín lẹ́nu. Bó bá jẹ́ WordPress lẹ fi ṣe é, ẹ pa plugin (àwọn àfikún tí ẹ kó sínú rẹ̀) lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wọn ìwúwo lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó ti lọ, ẹ má dá a padà.

Àwọn àlejò ni mò ń pe kóòdù tó ń ti ilé ẹlòmíràn wá: àpótí ìbánisọ̀rọ̀, àwòrán Instagram, kóòdù tó ń tọ ipasẹ̀ òǹkàwé, fídíò YouTube tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú-ìwé. Fídíò kan tí wọ́n lẹ̀ báyìí lè gbé ju 500 KB wá kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi àwòrán kan rọ́pò rẹ̀, kí ẹ fi ìlà tó lọ sí YouTube sí i. Ní ti àpótí ìbánisọ̀rọ̀, oníbàárà wa ti wà lórí WhatsApp. Ìlà kan ṣoṣo tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https://wa.me/234, tí nọ́ńbà yín tẹ̀ lé láìsí òdo iwájú, á ṣe iṣẹ́ kan náà, kò sì wúwo ju ọ̀rọ̀ lásán lọ.

Ẹ tún fi Opera Mini wo ìkànnì yín. Láti ọdún 2005 ló ti wà, ọ̀pọ̀ wa ló sì fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì nígbà àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá fi sí ibi tó ti ń dá dátà sí jù lọ, server tiwọn ló ń fún ojú-ìwé pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́ sórí fóònù, JavaScript ò sì fi bẹ́ẹ̀ rọ́nà ṣiṣẹ́. Bí àkójọ ọjà yín ò bá ṣeé ṣí níbẹ̀, ó dájú pé àwọn kan ò tíì rí i rí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: fọ́ọ̀mù tí kì í gbàgbé

Mo rí ọmọkùnrin kan ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan tó ń kọ fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé ilé-ìwé. Ó ti kọ ọ́ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó tẹ bọ́tìnì ìparí, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì já, ojú-ìwé náà sọ fún un pé àkókò rẹ̀ ti pé, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Kò pariwo. Ó kàn wo owó tó wà lápò rẹ̀, ó ka a, ó sì dìde lọ sílé. Mi ò gbàgbé rẹ̀.

Nítorí náà, bí ìkànnì yín bá ní fọ́ọ̀mù, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kí server fi ìkọ̀ọ̀kan pamọ́ kí wọ́n tó bọ́ sí èyí tó kàn. Ẹ fún ẹni tó ń kọ ọ́ ní nọ́ńbà tó lè fi padà wá lọ́la. Bí àṣìṣe bá wà, ẹ tọ́ka sí ibẹ̀, ẹ má pa ìyókù rẹ́. Nígbà tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì ìsanwó, ẹ dì í kí wọ́n má baà san lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sì kọ "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró, a ti gbọ́ yín" síbẹ̀. Bí ẹ bá ń gba fọ́tò, ẹ jẹ́ kí browser dín in kù kó tó fi ránṣẹ́, nítorí pé lórí fóònù, ìfiránṣẹ́ sábà máa ń fà ju ìgbàwọlé lọ.

Ẹ lè fi localStorage pa ohun tí wọ́n ti kọ mọ́ nínú browser. Àmọ́ kọ̀ǹpútà bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà jẹ́ ti gbogbo ayé. Ẹ má pa NIN, BVN tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́ síbẹ̀ láé, kí ẹ sì nu ìyókù kúrò gbàrà tí fọ́ọ̀mù bá wọlé.

Ìgbésẹ̀ keje: server

Èyí ò gba àkókò. Ẹ ní kí server máa fi Brotli tàbí gzip fún ọ̀rọ̀ pọ̀. Ẹ tẹ èyí sínú terminal kọ̀ǹpútà yín láti mọ̀ bóyá ó ń ṣe é, kí ẹ fi àdírẹ́sì tiyín rọ́pò:

curl -sI -H "Accept-Encoding: br, gzip" https://example.com

Bí ẹ ò bá rí content-encoding nínú ìdáhùn, kò ṣe é. Fún fáìlì tí kì í yí padà, ẹ fi Cache-Control: max-age=31536000 sí i, kí oníbàárà tó padà wá lọ́la má baà tún ra ohun tó ti rà lánàá.

Ẹ lo CDN, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì yín sí ibùdó káàkiri, kí ó jẹ́ èyí tó ní ibùdó nítòsí. Cloudflare, fún àpẹẹrẹ, ní ibùdó ní Èkó. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà, Gánà, Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn ìlú mìíràn. Fáìlì tí ẹ̀dà rẹ̀ bá ti wà ní Èkó nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ò nílò kó la òkun kọjá.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ fi òté lé e, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n

Ẹ mú nọ́ńbà kan kí ẹ sì dúró tì í. Tèmi ni 300 KB fún ojú-ìwé àkọ́kọ́, torí pé lórí 400 kilobit, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà ló máa gbà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi nǹkan tuntun kún un, kó sọ ohun tó máa yọ.

Ẹ fi ìkànnì náà sínú PageSpeed Insights, irinṣẹ́ Google tó ń wọn ìyára ìkànnì. Google fẹ́ kí ohun tó tóbi jù lójú-ìwé jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2.5, ó sì ń wò ó bóyá mẹ́ta nínú ìbẹ̀wò mẹ́rin rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà ìpíndọ́gba o. Chris Zacharias, tó ṣiṣẹ́ ní YouTube, ròyìn pé òun dín ojú-ìwé fídíò wọn kù láti 1.2 MB sí 98 KB, àmọ́ nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, àkókò tó ń gbà láti ṣí gùn sí i! Ohun tó fà á ni pé àwọn èèyàn láti Áfíríkà, Gúúsù Amẹ́ríkà àti Gúúsù Ìlà-oòrùn Éṣíà, tí wọn ò lè ṣí i rárá tẹ́lẹ̀, ti wá ń rí i wò. Ìṣẹ́jú méjì ló ń gbà wọ́n, nígbà tí ti àtijọ́ á ti gba ogún ìṣẹ́jú. Nítorí náà, ẹ wo iye àwọn tó wọlé pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti wá kí ẹ tó sọ pé iṣẹ́ yín ò yọrí.

Ojú-ìwé aláàdìrẹ wa wá sí 270 KB. Ọjọ́ tí a gbé e jáde, mo padà sí Ìtòkú, mo jókòó sórí àpótí kan náà, ìyá náà fi fóònù rẹ̀ ṣí i. Kò tíì gbé ojú kúrò lára oníbàárà tó wà níwájú rẹ̀ tí aṣọ fi jáde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi àwòrán oníko mọ́kànlá ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé kí n fi kún un. Mo ti dín mẹ́sàn-án kù. Méjì tó kù ní ìlà wẹ́wẹ́ nínú, mo sì fẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ wò wọ́n kí n tó gbé wọn síta.